Ẹmu, omi èso, omidùn tàbí ìyá ìwúkàrà: èwo ni ká fi ṣe róòlù nílé?

Ọ̀pọ̀ ìlànà tí à ń rí lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì láìlo yíìsì inú páálí, ìlú òtútù ni wọ́n ti kọ wọ́n. Wọ́n á ní kí ẹ po fúláwà lálẹ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì di àárọ̀. Ẹ dán irú ẹ̀ wò ní Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kẹta, nígbà tí ògiri yàrá pàápàá ń mú ooru jáde lóru, kí ẹ wá wo ohun tí ẹ máa bá nínú abọ́: fúláwà tó ti wú kọjá ààlà, tó ti rọ̀ wálẹ̀ padà, tó ti kan, tí kò sì ṣeé fọwọ́ kó jọ mọ́. Ooru ti bá wa ṣe iṣẹ́ wíwú tán. Èyí tó kù tó le ni kéèyàn wà nítòsí nígbà tó bá wú tó. Ibẹ̀ ni mo dúró sí nínú ìfiwéra yìí: ẹ wo bí ilé yín ṣe ń lọ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí ẹ fi ìyẹn mú ìwúkàrà (ohun alààyè tó ń mú fúláwà wú), kí ẹ tó ro ọ̀rọ̀ adùn.

Róòlù tí mo ní lọ́kàn ni búrẹ́dì kéékèèké, róbótó-róbótó, tó rọ̀, tó ní bọ́tà àti ṣúgà díẹ̀, irú èyí tí a lè fi jẹ ọbẹ̀ ẹja tàbí ẹyin díndín lálẹ́.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkókò ló ṣáájú: wákàtí mélòó ló máa gbà láti pípò títí tó fi máa jáde nínú ófùn, ṣé dandan sì ni kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ? Owó tẹ̀ lé e. Ẹ má ka owó ìwúkàrà nìkan o, fúláwà tí a fi ń bọ́ ọ náà owó ni. Lẹ́yìn náà ni ìdánilójú: bó ṣe wú lánàá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló máa wú lónìí? Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tún wà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kì í fẹ́ búrẹ́dì tó bá kan. Ìpamọ́ ló kẹ́yìn, pàápàá nínú ilé tí fíríìjì ti di kọ́bọ́ọ̀dù nítorí iná tí kì í dúró.

Kí ìfiwéra lè tọ́, ohun èlò kan náà la ó lò fún gbogbo wọn: fúláwà gíráàmù 500, ṣúgà 50, bọ́tà 50, iyọ̀ 9, ẹyin kan, àti omi tàbí mílíìkì bíi mílílítà 240. Yóò fún yín ní róòlù 12. Bí ìwúkàrà yín bá jẹ́ olómi, ẹ yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú omi. Tí ẹ bá ń ra fúláwà ní kóńgò ní ọjà Wàsò tàbí ọjà Jagun, ẹ béèrè èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà. Fúláwà tó dára fún kéèkì kò lágbára tó láti di afẹ́fẹ́ mú fún wákàtí gígùn tí ìwúkàrà àdáyébá máa ń gbà.

Ófùn dígírì 190, ìṣẹ́jú 18 sí 20. Ẹni tí kò bá ní ófùn, ìkòkò irin tó nípọn náà ṣe é: ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀, ẹ to òkúta mẹ́ta lé e, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbé páànù búrẹ́dì sínú rẹ̀. Tí ẹ bá ń lo èédú, ẹ kó díẹ̀ sórí ìdérí kí òkè búrẹ́dì lè pọ́n.

Yíìsì inú páálí

Mo fi í ṣáájú kí a lè mọ ibi tí a ti ń wọ̀n. Gíráàmù 7 tó fún fúláwà 500. Nínú ooru wa, wákàtí kan péré ló máa wú, ẹ gé e, ẹ ká a, ẹ fún un ní ogójì ìṣẹ́jú sí i, ó di ófùn. Ìdílé Fleischmann bẹ̀rẹ̀ sí ṣe yíìsì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ fún títà ní Cincinnati, ní Amẹ́ríkà, ní 1868. Kó tó dìgbà náà, ohun tó ń hó lórí ọtí tàbí fúláwà tó ti kan ni àwọn èèyàn ibẹ̀ náà fi ń mú búrẹ́dì wú.

Kò sí èyí tó ṣeé gbára lé tó o, mi ò sì ní fi ẹnikẹ́ni tó ń lò ó ṣe yẹ̀yẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé búrẹ́dì rẹ̀ kò ní adùn tó jinlẹ̀, ó sì máa ń gbẹ lọ́jọ́ kejì. Páálí tí a ti ṣí tún máa ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú ooru àti ọ̀rinrin. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ṣúgà ṣíbí kan. Tí kò bá hó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má fi fúláwà yín ṣòfò.

Ìyá ìwúkàrà

Fúláwà àti omi tí a jẹ́ kó kan títí ìwúkàrà fi ń gbé inú rẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ po gíráàmù 50 fúláwà pọ̀ mọ́ 50 omi nínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ẹ fi ṣíbí ìyẹ̀fun ọkà bàbà kan tí a lọ tèèpo-tèèpo kún un, nítorí ara èèpo ọkà ni ìwúkàrà tí à ń wá pọ̀ sí jù. Lójoojúmọ́, ẹ fi 50 péré sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ kó ìyókù kúrò, kí ẹ wá fi fúláwà 50 àti omi 50 bọ́ ọ. Omi kànga tí a sè tó ti tutù dára. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì, ẹ ṣí i sílẹ̀ mọ́jú kí ẹ tó lò ó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dà á nù ni ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Lọ́jọ́ kejì yóò ti hó gùdùgùdù, inú yín á dùn, ẹ á rò pé ó ti ṣe tán. Kì í ṣe ìwúkàrà ló hó nígbà yẹn. Àwọn kòkòrò mìíràn tí kò lè gbé inú omi kíkan ni. Tí fúláwà náà bá ti kan díẹ̀, wọ́n á kú, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́, òórùn rẹ̀ á sì burú. Ẹ máa bọ́ ọ nìṣó. Ẹ̀yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ìwúkàrà gidi máa ń dé, pẹ̀lú àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń sọ nǹkan di kíkan. Ìwúkàrà ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú dóò, ìyẹn fúláwà tí a ti pò, àwọn tọ̀hún ló ń fún un ní adùn kíkan. Ní ìlú òtútù, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Níbí, bí ọ̀sẹ̀ kan sábà máa ń tó. Tó bá ń wú di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bọ́ ọ, tí ṣíbí kan rẹ̀ sì léfòó lórí omi, ó ti dàgbà.

Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gíráàmù 50 lójúmọ́ jẹ́ kílò kan àbọ̀ lóṣù. Nínú ooru, láìsí fíríìjì, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló máa ń fẹ́ oúnjẹ, ó ti di kílò mẹ́ta nìyẹn. Fúláwà kílò mẹ́ta lóṣù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ sì ń ṣe búrẹ́dì! Páálí yíìsì kéékèèké mẹ́rin lè má wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ má tọ́jú rẹ̀ lọ́pọ̀: gíráàmù 10 ló yẹ kó kù nínú ìgò, ẹ fi fúláwà 20 àti omi 20 bọ́ ọ. Tí ẹ bá ti fẹ́ lò ó ni kí ẹ tó sọ ọ́ di púpọ̀. Èyí tí ẹ sì ń kó kúrò, ẹ má dà á nù, ẹ fi kún pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Ó máa ń jẹ́ kí ara rẹ̀ fúyẹ́.

Fún ilé tí kò ní iná tó dúró, ẹ jẹ́ kó le: ìyá 15, fúláwà 60, omi 30. Ẹ pò ó di bọ́ọ̀lù, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ sínú fúláwà nínú abọ́ kan, ẹ gbé abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù níbi tó tutù. Omi rẹ̀ tó kéré kò ní jẹ́ kó sáré kan. Ohun mìíràn tí mo gbà yín nímọ̀ràn gidi ni kí ẹ tẹ́ díẹ̀ pẹlẹbẹ sórí ọ̀rá, kí ẹ sá a sábẹ́ ìbòòji títí tó fi máa gbẹ gan-an, kí ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kí ẹ sì kó o sínú ike olómọrí. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá wá fọ ìgò yín mọ́ tónítóní lọ́jọ́ kan, ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe róòlù, gíráàmù 120 rẹ̀ la ó lò. Ẹ po dóò ní aago méje àárọ̀. Yóò wú fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ gé e, ẹ ká a, ẹ tún fún un ní bíi wákàtí méjì, kí ó wọ ófùn láàárín aago méjì sí mẹ́ta. Ìgbà ọyẹ́ nìkan, nígbà tí òru bá tutù, ni fífi sílẹ̀ mọ́jú bọ́gbọ́n mu. Kí ó má baà kan jù fún àwọn ọmọ, ẹ lo ìyá náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú dé òkè, kó tó máa rọ̀ padà. Róòlù rẹ̀ máa ń rọ̀ di ọjọ́ kẹta, òórùn rẹ̀ sì ṣe ọ̀tọ̀. Ní ti adùn, òun ló borí gbogbo wọn lójú tèmi.

Ẹmu

Ìwúkàrà tó wà nínú ẹmu kò ṣàjèjì: Saccharomyces cerevisiae, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú páálí, wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní Goa, ní Íńdíà, ẹmu ọ̀pẹ àgbọn ni àwọn oníbúrẹ́dì ìgbà àtijọ́ fi ń mú fúláwà wú. Tiwa náà ṣe é, ìbáà jẹ́ ẹmu ọ̀pẹ tàbí ògùrọ̀.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí ẹ ń bọ́. Ẹ rà á láàárọ̀, ẹ jẹ róòlù lọ́sàn-án. Ẹ po ẹmu mílílítà 200 mọ́ fúláwà 200 lára 500 yẹn, ẹ bò ó. Láàárín wákàtí kan sí méjì yóò ti hó dáadáa. Ẹ wá fi ìyókù fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, iyọ̀, ẹyin àti ìwọ̀nba omi tó bá kù kún un. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin sí i, a ti ń wí tófùn. Mo fẹ́ràn ọ̀nà ẹlẹ́ẹ̀mejì yìí ju kí a da ẹmu sínú gbogbo fúláwà lẹ́ẹ̀kan náà lọ, nítorí ó ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ẹmu náà wà láàyè kí bọ́tà àti ẹyin tó bá a lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹmu ló sì wà láàyè. Èyí tó wà nínú ìgò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti fi ooru pa á kí ó má baà fọ́ ìgò. Èyí tí wọ́n ti bu omi lé ń wú lọ́lẹ̀-lọ́lẹ̀. Ẹmu àná ti ń kan, búrẹ́dì rẹ̀ á kan náà. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ yẹn, tó ṣì dùn, tó ń hó létí akèrègbè, lẹ ń wá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa, a kò sí láàárín igbó ọ̀pẹ, ẹmu gidi kì í sì í wà ní gbogbo oríta. Ẹ máa nílò adẹ́mu tí ẹ mọ̀, tí ẹ lè pè kó tó di ọjọ́ náà pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tèmi kò gbọdọ̀ lómi o."

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò. Ìlú onítẹ̀bọmi ni Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn wọn wà láàárín wa, àwọn Mùsùlùmí náà sì pọ̀. Kí màmá tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ bá kẹ́ẹ̀gì ẹmu nínú kíṣínì ìyàwó ọmọ rẹ̀, àlàyé yẹn máa gùn. Òótọ́ ni pé ooru ófùn ń lé èyí tó pọ̀ jù nínú ọtí náà lọ, òótọ́ sì ni pé fúláwà tí a fi yíìsì páálí pò náà ń mú ọtí díẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ bó ṣe ń wú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí-ọkàn kò gba ìṣirò. Tí ilé yín kò bá fẹ́ ẹ, ẹ fò ó. Ẹ má sì fi fún àlejò láìsọ fún un.

Omi èso

Èyí ni ìbátan ẹmu tí ẹnikẹ́ni kò ní bínú sí. Ẹ kó àjàrà gbígbẹ gíráàmù 100 sínú ìgò, ẹ da omi tó ti tutù mílílítà 350 lé e, pẹ̀lú ṣíbí oyin kan. Ẹ má ti ọmọrí rẹ̀ pa. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ìgò lè fọ́ ọ. Ẹ máa mì ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, àjàrà á léfòó, omi á máa hó, òórùn rẹ̀ á dà bíi ti wáìnì tí kò tíì le. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po 200 rẹ̀ mọ́ fúláwà 200, kí ẹ sì tẹ̀ lé ọ̀nà ẹmu. Ó lọ́ra ju ẹmu lọ. Ìgbà mìíràn yóò fẹ́ wákàtí mẹ́fà kó tó wú tó.

Àjàrà gbígbẹ wọ́n, òkèèrè ló sì ti ń wá. Àwọn kan wà tí wọ́n fi kẹ́míkà pa láró kí wọ́n lè pọ́n bíi wúrà, wọn kì í sábà hó. Ta ló tiẹ̀ ń wá àjàrà nígbà tí máńgòrò bá dé? Láti nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹfà, máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ kún ojú títì débi pé òmíràn ń jẹrà sílẹ̀. Èèpo rẹ̀ gan-an ni ìwúkàrà pọ̀ sí: ẹ ṣan èso náà láìfi ọṣẹ tàbí omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ gé èèpo àti ẹran ara rẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ ṣe é bíi ti àjàrà. Dóò rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Kajú náà pọ̀ lágbègbè wa, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ń fa ẹnu, n kò rò pé ó yẹ róòlù. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni kí ẹ ṣọ́ra fún: èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ ohun tó ń so fúláwà pọ̀, dóò á sì máa já. Mo tún fẹ́ kí ẹ rántí pé omi èso kò dúró lójú kan. Ti ọ̀sẹ̀ yìí lè lágbára, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó má jí rárá.

Omidùn

Omi orí ògì, gbogbo ilé ló ní i, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí Saccharomyces cerevisiae nínú ògì, wọ́n sì rí Lactobacillus plantarum tó ń mú un kan. Èkejì yìí ló pọ̀ jù. Nítorí náà, tí ẹ bá fi omidùn nìkan po róòlù, yóò kan kó tó wú, róòlù yóò sì le. N kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ fún dóò.

Ibi tó ti wúlò gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ìyá ìwúkàrà. Tí ẹ bá fi omidùn dípò omi fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kíkan rẹ̀ kò ní jẹ́ kí àwọn kòkòrò olóòórùn burúkú yẹn ráyè wọlé, ẹ á sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ kẹta. Èyí tí wọ́n ń ta ní Sábó, burúkútù, ọtí ọkà bàbà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ náà ń mú fúláwà wú, àmọ́ ó wúwo lẹ́nu.

Ta ni kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, tó ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Under G, tó ń jáde láàárọ̀ tí kò mọ ìgbà tó máa wọlé, kó lo yíìsì páálí. Ìwúkàrà kò mọ̀ pé wọ́n sún ìdánwò síwájú.

Ẹni tó ń ránṣọ níwájú ilé ara rẹ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tó ń wà nílé lójúmọmọ, ìyá ìwúkàrà ni tiyín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ ló ń gbà, ẹ sì wà nítòsí láti rí i nígbà tó bá wú tó. Ẹ fi omidùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ilé tí kì í ṣe búrẹ́dì ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ, tàbí tí àlejò fẹ́ dé lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹmu kì í sì í ṣe èèwọ̀ níbẹ̀: ẹmu. Ẹ má tọ́jú ìyá ìwúkàrà nítorí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bí ẹmu bá jẹ́ èèwọ̀, tí máńgòrò sì wà lóde, ẹ lo omi máńgòrò. Tí ó bá wú dáadáa fún yín, ẹ máa fi fúláwà bọ́ díẹ̀ lára rẹ̀, ó ti di ìyá ìwúkàrà nìyẹn, ẹ kò ní wá èso mọ́ nígbà tí àsìkò bá lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ tà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ṣàkó: ẹ má fi ìwúkàrà àdáyébá nìkan ṣòwò ní ọdún àkọ́kọ́. Oníbàárà tó ra róòlù rírọ̀ lọ́jọ́ Ajé kò ní gba èyí tó kan lọ́jọ́rú. Ẹ lo ìyá ìwúkàrà gíráàmù 100 fún adùn àti òórùn, kí ẹ fi yíìsì gíráàmù 2 tàbí 3 kún un fún ìdánilójú. Wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ló máa gbà lápapọ̀ nínú ooru. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí, róòlù á ti wà lórí tábìlì nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń kọjá.